Àfo Iwájú Ọta: Gbèsè tí Kátíríìjì Dá sí Ìbọn Lọ́rùn

Láàárín àwọn tó ń di ọta ràífù fúnra wọn ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í tán nílẹ̀: báwo ló ṣe yẹ kí ọta jinlẹ̀ tó nínú ọrùn ìkarahun rẹ̀? Ẹni tí kò bá mọ̀dí ọ̀rọ̀ lè rò pé àwọn tí kò níṣẹ́ ṣe ló ń jiyàn bẹ́ẹ̀. Kátíríìjì ràífù kò ju nǹkan mẹ́rin lọ: ìkarahun idẹ, ẹ̀tù inú rẹ̀, ìṣáná kékeré tó wà ní ìdí rẹ̀, àti ọta tí wọ́n tẹ̀ bọ ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá tẹ ọta wọlé sí i, orí rẹ̀ á jìnnà sí ibi tí ìlà inú ọ̀pá ìbọn ti bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fà á síta, orí rẹ̀ á súnmọ́ ìlà náà títí yóò fi kàn án. Ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì ni wọ́n fi ń wọn ìyàtọ̀ yìí, ohun tí ojú lásán kò lè rí. Síbẹ̀, àwọn tó ń fi ìbọn díje á sọ fún ọ pé ìyàtọ̀ yẹn lè sọ ìbọn tó ń kó gbogbo ọta jọ sójú kan di èyí tó ń fọ́n wọn ká. Èrò tèmi ni pé bí a bá gbá ọ̀rọ̀ yìí mú láti inú ìwé ìwọ̀n, kò ní yé wa láé; ìtàn ló lè là á. Wọn kò bí àfo tó wà láàárín ọta àti ìlà mọ́ ràífù. Nígbà tí wọ́n ń ti ẹnu kì í, kò sí i. Kátíríìjì ló mú un wá, nígbà tí ayé fi díẹ̀ nínú ìṣedéédéé ra ìyára, gbogbo wàhálà tí wọ́n sì ń ṣe lórí jíjìn ọta láti ìgbà náà, gbèsè ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń san.

Ó ti tó ọ̀rúndún mẹ́rin ó lé tí àwọn oníṣẹ́ ìbọn ní Yúróòpù ti mọ̀ pé bí wọ́n bá fín ìlà tó lọ́ sínú ọ̀pá ìbọn, ọta tó bá gba ibẹ̀ kọjá á máa yí bí òkòtó, kò sì ní tètè yà kúrò lọ́nà. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ọta tó máa di ìlà mú gbọ́dọ̀ kún ihò, èyí tó sì máa gba ẹnu ìbọn wọlé láìfi tipátipá gbọ́dọ̀ kéré sí i. Ṣakabùlà tí àwọn ọdẹ wa mọ̀ kò ní ìṣòro yìí, nítorí inú rẹ̀ dán, kò ní ìlà kankan. Ọdẹ á da ẹ̀tù sí i, á fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀, á da ọta lé e, á tún kì í, ó parí. Ohun tó fi ń san án ni pé bí ẹran bá ti jìnnà díẹ̀, kò sí ẹni tó mọ ibi tí ọta máa forí lé. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ti Jámánì ṣí lọ sí Pennsylvania fi aṣọ yanjú tiwọn. Wọ́n á fi ọ̀rá pa ègé aṣọ pẹlẹbẹ, wọ́n á fi wé òjé róbótó tó kéré díẹ̀ sí ihò, wọ́n á sì tì í wọlé. Aṣọ ló di ìlà mú, òjé sì ń bá a yí. Ọdẹ tó ń wá àgbọ̀nrín nínú igbó lè ní sùúrù fún irú iṣẹ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ ogun tí wọ́n ń yìnbọn lù kò ní i.

Àwọn Faransé ló jà jù láti rí ojútùú fún ọmọ ogun. Ní 1826, Delvigne gbẹ́ ìdí ọ̀pá ìbọn ní èjìká, kí òjé tó bá jábọ́ débẹ̀ lè dúró, kí wọ́n sì fi ọ̀pá gbá a títí yóò fi fẹ̀ dí ihò. Ó fẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó di pẹlẹbẹ, òjé tó ti di pẹlẹbẹ kì í sì rìn tọ́. Ní 1849, Minié mú ọta gígùn jáde, èyí tí ìdí rẹ̀ ní ihò, tí agolo irin kékeré wà níbẹ̀. Bí ẹ̀tù bá gbiná, agolo náà á fẹ ìdí ọta títí yóò fi di ìlà mú. James Burton, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìbọn ìjọba ní Harpers Ferry ní Amẹ́ríkà, rí i pé agolo náà kò tilẹ̀ pọn dandan: afẹ́fẹ́ gbígbóná nìkan tó láti fẹ òjé rírọ̀. Irú ọta yìí ni Enfield 1853 ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń yìn, ọ̀rá tí wọ́n fi pa ìwé tí wọ́n fi di í ló sì wà lára ohun tó dá ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun Íńdíà sílẹ̀ ní 1857, nítorí eyín ni wọ́n fi ń ya ìwé náà, Mùsùlùmí kò sì fẹ́ fẹnu kan ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni Híńdù kò fẹ́ fẹnu kan ti màlúù. Ó ṣẹlẹ̀ rí, nígbà náà, pé ọ̀nà tí ọta ń gbà bá ìlà pàdé mi ìjọba kan tìtì.

Ẹni tó yanjú rẹ̀ fún àwọn tó ń díje kì í ṣe oníṣẹ́ ìbọn. Alvan Clark ni, ará Cambridge ní Massachusetts, tí òkìkí rẹ̀ kàn lẹ́yìn náà nítorí àwọn dígí ńlá tó ṣe fún awò tí wọ́n fi ń wo ìràwọ̀. Ní 1840 ó gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba lórí ohun tí a lè pè ní ẹnu èké. Wọ́n á gé ègé kúkúrú kúrò lẹ́nu ọ̀pá ìbọn kí wọ́n tó fín in, wọ́n á fi píìnì irin so ó padà síbi tí wọ́n ti gé e kó má lè yẹ̀, ìgbà náà ni wọ́n á wá fín ìlà gba inú méjèèjì kọjá pọ̀. Nítorí náà, ìlà ẹnu èké àti ìlà ọ̀pá gún régé síra wọn. Ẹni tó fẹ́ yìn ín á fi ẹnu èké dé orí ìbọn, á gbé ọta lé e, á fi ọ̀pá kúkúrú tẹ̀ ẹ́ wọlé láìyẹ̀, á wá fi ọ̀pá gígùn tì í lọ dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn èyí ló máa yọ ẹnu èké kúrò. Wọ́n tilẹ̀ sábà máa ń fi irin pélébé kan sórí rẹ̀ tó ń dí ojú ẹni tó fẹ́ fojú sùn, kí ẹni tó bá gbàgbé rẹ̀ má baà yìn ín lọ pẹ̀lú ọta. Nínú aṣọ àwọn ará Pennsylvania àti nínú ẹnu èké Clark, ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀: kí iná tó ran ẹ̀tù, ọta ti wà nínú ìlà. Ti Minié yàtọ̀ díẹ̀, nítorí iná ló ń fẹ tirẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà kì í fò. Ibi tó jókòó sí gan-an ló ti ń di ìlà mú.

Ogun ló gbé kátíríìjì ga, kì í ṣe ìdíje. Ní 1866 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé ìdí àwọn Enfield wọn, wọ́n so ilẹ̀kùn tí Jacob Snider ṣe mọ́ ọn, kí kátíríìjì lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ọmọ ogun tó ń yin Enfield ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan lè yin Snider ní nǹkan bí ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá. Ilẹ̀ Yorùbá mọ ohun tí ìyára yẹn jẹ́. Nínú Ogun Kírìjì láàárín Ìbàdàn àti Èkìtìparapọ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí wọn kò sì tú àgọ́ rẹ̀ ká títí di 1893, Ìbàdàn ló ní èrò àti òkìkí, ṣakabùlà sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìbọn tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ Èkìtìparapọ̀ tó wà ní Èkó ló ra ìbọn tí wọ́n ń ti ìdí kì, Snider àti irú rẹ̀, ránṣẹ́ sílé, ìgbà tí ìwọ̀nyí dé ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Ògèdèǹgbé àti Fábùnmi ni ọ̀ràn yí padà fún Ìbàdàn. Kì í ṣe nítorí pé Snider ń ba ojú abẹ́rẹ́. Ẹni tó ń ti ẹnu kì ìbọn gbọ́dọ̀ dìde, kó gbé ìbọn dúró, kó máa fi ọ̀pá gún un, gbogbo ara rẹ̀ síta fún ọ̀tá. Ẹni tó ń ti ìdí kì lè dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn òkìtì kó máa yìn lọ. Ohun tí wọ́n fi owó rà nìyẹn, ó sì tó owó rẹ̀.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, wọ́n ní. Kátíríìjì tó máa wọ ìbọn nínú ẹrẹ̀ àti eruku, láti ọwọ́ ẹni tí àyà rẹ̀ ń já, gbọ́dọ̀ ní àyè. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe wọ́n ní mílíọ̀nù kò mọ ìbọn tí èyíkéyìí nínú wọn máa bọ́ sí, nítorí náà wọ́n fi àyè sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun, wọ́n fi í sílẹ̀ yí ọrùn ká, wọ́n sì fi í sílẹ̀ níwájú ọta. Àyè iwájú ọta yẹn ni àfo wa. Bí ọta bá ti kúrò nínú ọrùn ìkarahun tí kò sì tíì dé inú ìlà, ẹ̀tù ń tì í lẹ́yìn, kò sì sí ohun tó di í mú níwájú. Bí ó bá tẹ̀ díẹ̀ nígbà tó dé ẹnu ìlà, bó ṣe tẹ̀ náà ni ìlà máa gbá a mú. Òjé tàbí bàbà á gba àpá lọ́nà òdì, ìwúwo rẹ̀ kò ní wà láàárín mọ́, á sì máa jàgbọ̀n-ọ́n títí dé ojú àmì.

Àríyànjiyàn kan wà tí ẹnikẹ́ni tó bá mọ ìtàn ìdíje máa kọ́kọ́ gbé dìde, ó sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án 1874, àwọn ará Ireland, tó ti gba ife ẹ̀yẹ Elcho ní Wimbledon lọ́dún tó ṣáájú, wá bá àwọn ará Amẹ́ríkà díje ní Creedmoor, ní Long Island lẹ́gbẹ̀ẹ́ New York. Ìbọn Rigby tí wọ́n ń ti ẹnu kì ni ti Ireland. Remington àti Sharps tí wọ́n ń ti ìdí kì ni ti Amẹ́ríkà. Ẹni mẹ́fà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yáàdì 800, 900 àti 1,000. Amẹ́ríkà borí, 934 sí 931. Ṣé kátíríìjì kò wá gbégbá orókè báyìí, pẹ̀lú àfo tàbí láìsí àfo? Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe borí. Ọ̀kan nínú àwọn ará Ireland, Milner, yin ọta kan tó bọ́ sáàárín gbùngbùn, ṣùgbọ́n pátákó ẹlòmíì ló yìn, òfo ni wọ́n sì kọ fún un. Máàkì mẹ́rin ni àárín gbùngbùn jẹ́ nígbà náà. Nígbà tó ku ọta kan ṣoṣo fún Amẹ́ríkà, 930 ni wọ́n ní, Ireland ti parí sí 931. Colonel Bodine ló kù tó máa yìn ín, ìgò ọtí atalẹ̀ kan sì ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà. Ó di aṣọ mọ́ ọgbẹ́ náà, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì bà á láàárín. Ìtàn tó dùn gbọ́ ni, àwọn oníwèé ìròyìn New York kò sì jẹ́ kó bọ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n bí Milner bá ti wo pátákó tirẹ̀, 935 ni Ireland ì bá ní. Ohun tí Creedmoor fi hàn ni pé kátíríìjì lè bá ìbọn ẹnu dọ́gba nígbà tí ẹni tó ń dì í bá fara balẹ̀ bí ẹni tó ń ti ẹnu kì. Kò fi hàn pé àfo kò já mọ́ nǹkan kan.

Ẹ̀rí tó le jù wá láti ọwọ́ Harry Pope. Ní Hartford ní Connecticut ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í fín ìlà sínú ọ̀pá ìbọn fún àwọn ẹgbẹ́ ayìnbọn tí àwọn ará Jámánì dá sílẹ̀ ní ìlú Amẹ́ríkà, àwọn tó ń dúró lórí ẹsẹ̀ wọn méjèèjì yìnbọn sí àmì ní 200 yáàdì. Àwọn ènìyàn yìí ní kátíríìjì, wọn kò sì fi wé ohunkóhun fún ìrọ̀rùn. Síbẹ̀, Pope kò jẹ́ kí ọta wà nínú rẹ̀. Ìkarahun àti ẹ̀tù nìkan ni wọ́n ń ti ìdí kì. Ọta fúnra rẹ̀, ẹnu ìbọn ló ń gbà wọlé, láti inú ẹnu èké irú ti Clark, wọ́n á sì fi ọ̀pá tì í dé ibi tí ìkarahun máa bá a. Ẹ rò ó wò: ní àkókò tí gbogbo ọmọ ogun ayé ti gbàgbé ọ̀pá tí wọ́n fi ń kì ìbọn, àwọn tí ìṣedéédéé jẹ lógún jù tún gbé e. Ní 1901, C. W. Rowland ní Boulder, Colorado, fi ọ̀pá ìbọn Pope yin ọta mẹ́wàá ní 200 yáàdì, ihò mẹ́wẹ̀ẹ̀wá sì wọ inú àyè tí kò tó íǹṣì kan. Òjé lásán ni, ìlà ọwọ́ ni, ó sì pẹ́ gan-an kí ẹnikẹ́ni tó lè fi àrà tuntun ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹnìkan lè sọ pé ọwọ́ Pope ló dára, kì í ṣe ọ̀nà tó ń gbà kì í. Ọwọ́ rẹ̀ dára lóòótọ́. Bó ṣe ń fín ìlà, díẹ̀ ló ń bá a dọ́gba. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń díje nígbà náà tí kò ní ìbọn Pope ń lo irin kékeré kan láti ti òjé láti ìdí ìbọn wọ inú ìlà, kí wọ́n tó ki ìkarahun tẹ̀lé e, àwọn náà sì ń rí èrè rẹ̀. Ọ̀nà méjì ni, ohun kan náà sì ni àwọn méjèèjì ń lé: kí ọta má ṣe fò. Dókítà Franklin Mann, oníṣègùn ará Milford ní Massachusetts, ló wá lọ wádìí ìdí rẹ̀. Ó fi owó ara rẹ̀ mọ òpó kọnkéré tí kì í mì, ó gbé ọ̀pá ìbọn lé irin tí a gbẹ́ bí lẹ́tà V lórí rẹ̀, ó ta ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ sí ojú ọ̀nà ọta kó lè rí bí ó ṣe ń tẹ̀ bí ó ti ń lọ, ó sì tẹ ìwé jáde lórí gbogbo rẹ̀ ní 1909. Ó mọ̀ọ́mọ̀ ba orí ọta jẹ́, ó rí i pé kò fi bẹ́ẹ̀ yà. Ó ba ìdí rẹ̀ jẹ́, ó sì fọ́n ká. Ohun tó tẹnu mọ́ ni pé ọta tí ìwúwo rẹ̀ kò sí láàárín, tàbí tí ìdí rẹ̀ kò gún, kò sí ìbọn tó lè gbà á là. Ẹ fi èyí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọta tó fi ìtẹ̀sí wọ ìlà: òun náà ti pàdánù àárín rẹ̀ kó tó jáde lẹ́nu ìbọn.

Ayé kò dúró de Pope, ẹ̀tù aláìléèéfín ti dé. Vieille ṣe tirẹ̀ ní Faransé ní 1884, ọmọ ogun wọn sì gba ìbọn Lebel ní 1886. Ìyára tí ẹ̀tù yìí fún ọta pọ̀ débi pé òjé lásán á yọ́ mọ́ inú ìbọn, nítorí náà wọ́n fi bàbà tàbí irin wé e. Ọta oníbàbà kò ṣeé fi ọwọ́ tì gba ìlà kọjá. Ó le jù. Ilẹ̀kùn ti tì mọ́ ọ̀nà Pope nìyẹn fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ìyára, àfo sì di ohun tí kò ṣeé mú kúrò tán. Ó tún fẹ̀ sí i. Jámánì gba ọta olórí ṣóńṣó ní 1905, Amẹ́ríkà tẹ̀lé e ní 1906, ọta wọ̀nyí sì fúyẹ́ jù, wọ́n sì kúrú lára ju àwọn olórí róbótó tí wọ́n rọ́pò lọ; nínú ìbọn tí wọ́n ti gbẹ́ fún ọta gígùn, ìrìn kékeré àtijọ́ di ìrìn gígùn. Kò dun ọmọ ogun. Ènìyàn tó dúró ní 300 yáàdì tóbi tó.

Ó dun àwọn tó ń dì í fúnra wọn. Wọ́n ti ní irin iṣẹ́ fún un: John Barlow ti dá ilé iṣẹ́ Ideal sílẹ̀ ní New Haven láti 1884, ó ń ta ẹ̀mú tí ènìyàn lè fi yọ ìṣáná tó ti jó, kó fi tuntun sí i, kó sì tẹ ọta bọ ìkarahun lórí tábìlì ilé rẹ̀. Nípa ẹ̀mú yìí ni jíjìn ọta ṣe di ohun tó wà lọ́wọ́ ẹni tó ń yìn. Àwọn tí kò ní gèèjì á tẹ ọta bọ ìkarahun tí kò lẹ́tù, kó yọ síta díẹ̀, wọ́n á gbé orí rẹ̀ sórí àbẹ́là títí èéfín á fi pa á dúdú, wọ́n á rọra tì í wọ inú ìbọn, wọ́n á pa ìdí dé, wọ́n á sì tún un yọ. Níbi tí ìlà bá ti kàn án, èéfín á fá kúrò, á ku àpá kéékèèké tó ń dán, tó yí ọta ká. Bí àpá náà bá gùn, ọta ti wọ ìlà jù. Bí ó bá kúrú tó dọ́gba ní gígùn àti ní ìbú, ó kàn án díẹ̀. Bí kò bá sí àpá, àfo wà. Mo fẹ́ràn ọ̀nà yìí ju nọ́ńbà inú ìwé lọ, nítorí ìbọn tó wà lọ́wọ́ ẹni ló ń bi léèrè. Gígùn kátíríìjì tí ìwé kọ jẹ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, ṣóńṣó orí ọta kì í sì í ṣe ohun tó ń kan ìlà. Èjìká rẹ̀ ni, ibi tí ara ọta ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ẹ́rẹ́ lọ sí orí.

Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1947, àwọn kan kó ara wọn jọ ní Amẹ́ríkà láti máa yìnbọn láti orí tábìlì, ìbọn lórí àpò iyanrìn, kí ó lè di ìdíje ìbọn àti ọta nìkan. Àwọn wọ̀nyí ló sún mọ́ ìparí gbèsè náà jù. Ọ̀pọ̀ wọn, pàápàá láti ìgbà tí Palmisano àti Pindell ti mú kátíríìjì PPC jáde ní ọdún 1970 sókè, kì í fi àfo sílẹ̀ rárá. Wọ́n á jẹ́ kí ọrùn ìkarahun di ọta mú fẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n á jẹ́ kó yọ síta jù, kí pípa ìdí ìbọn dé fúnra rẹ̀ ti ọta mọ́ ìlà. Ó jọ pé wọ́n rò pé tuntun ni. Ohun tí Pope ń fi ọ̀pá ṣe láti iwájú ni wọ́n ń fi ìdí ìbọn ṣe láti ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ó ní ewu. Ọta tó kan ìlà tẹ́lẹ̀ kò ní àyè láti gbéra, nítorí náà agbára inú ìbọn á tètè ga. Ẹ̀tù tó tọ́ fún ọta tó ní àfo lè pọ̀ jù fún un. Bí ẹni náà bá sì fẹ́ yọ kátíríìjì tí kò yìn, ọta lè dúró sínú ìlà, kí ẹ̀tù dà sínú ìbọn. Ọdẹ tàbí ọmọ ogun kò gbọ́dọ̀ gbé irú rẹ̀ jáde.

Pé jíjìn nìkan kọ́ ló ń ṣiṣẹ́, ọ̀ràn 1921 ti sọ ọ́ ketekete. Fún ìdíje orílẹ̀-èdè ní Camp Perry ní Ohio, ilé ohun ìjà ìjọba ní Frankford fi tánganran pa ọta lára, kó má baà fi ìdọ̀tí sínú ọ̀pá ìbọn. Ọta náà ba àmì dáadáa. Ṣùgbọ́n tánganran náà lẹ̀ mọ́ ọrùn idẹ bí oṣù ti ń gorí oṣù, ọta kò sì fẹ́ kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn kan tún fi gírísì pa á bí àṣà wọn, ìbọn bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́. Hatcher, ọ̀gá ológun tó mọ ohun ìjà, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ayé lẹ́yìn náà. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan jíjìn ọta níbẹ̀. Bí ó ṣe kúrò lọ́rùn ló yí padà, gbogbo ohun tó tẹ̀lé e sì yí pẹ̀lú rẹ̀.

Àwọn tó lòdì sí èrò mi ní ẹ̀rí méjì tí kò ṣeé fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Èkíní ni Roy Weatherby, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní South Gate, California, ní 1945, tó mọ̀ọ́mọ̀ gbẹ́ àfo gígùn síwájú ọta kí agbára inú ìbọn má tètè ga, kí ó lè fi ẹ̀tù púpọ̀ sí i. Ìbọn rẹ̀ kò burú. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ihò tí ọta ń gbà kọjá nínú irú ìbọn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe gbalasa. Bí wọ́n bá gbẹ́ ẹ kó súnmọ́ ọta dáadáa, ihò náà á máa tọ́ ọta sọ́nà, kò ní lè tẹ̀. Ọdẹ tó ra Weatherby kò sì béèrè pé kí ọta márùn-ún wọ ihò kan. Èkejì ni àwọn ọta gígùn tí Bill Davis ya àwòrán wọn ní ọdún 1980 sókè, tí ilé iṣẹ́ Berger sì sọ di olókìkí. Èjìká wọn gé lójijì, kì í rọra yọ́ wọlé, àwọn tó ń lò wọ́n sì rí i pé nínú ìbọn kan wọ́n fẹ́ kí ọta kan ìlà, nínú òmíràn wọ́n fẹ́ kí ó fo 80, tàbí kó tilẹ̀ fo 120, nínú ẹgbẹ̀rún íǹṣì. Ẹ̀rí yìí ló mú mi tún èrò mi ṣe. Gbèsè tí kátíríìjì jẹ kì í ṣe àfo fúnra rẹ̀. Ìtọ́sọ́nà tó sọnù nínú àfo ni. Ohunkóhun tó bá dá ìtọ́sọ́nà náà padà, ìbáà jẹ́ kíkàn ìlà, ìbáà jẹ́ ihò tó fún, ìbáà jẹ́ ọrùn ìkarahun tó gún régé pẹ̀lú ọ̀pá, ó ti san lára rẹ̀.

Àtakò kẹta wà, òun ló sì gún mi jù: pé ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìyàtọ̀ jíjìn, oríire lásán ni. Bí ènìyàn bá yin ọta mẹ́ta ní jíjìn kan, tó yin mẹ́ta ní òmíràn, ó lè rí i pé ọ̀kan tóbi ní ìlọ́po méjì èkejì láìjẹ́ pé ohunkóhun yí padà. Irú kátíríìjì kan náà, ìbọn kan náà, lè ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín òwúrọ̀ kan. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo gbà pé púpọ̀ nínú nọ́ńbà tí àwọn ayìnbọn ń fọ́n sí ara wọn létí kò wúlò. Àwọn ará àtijọ́ tí wọ́n ń fi ọta mẹ́wàá dán an wò mọ̀ ju àwọn tó ń fi mẹ́ta dán an wò lónìí lọ. Ṣùgbọ́n àtakò yìí kò dé ọ̀dọ̀ àwọn tábìlì ìdíje, níbi tí ọ̀pọ̀ ayìnbọn ti ń yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹni tó bá borí ti ń mú owó àti orúkọ lọ. Bí àfo kò bá já mọ́ nǹkan, kò yẹ kí èyí tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn máa gbé ewu ọta tó kan ìlà.

Owó gbèsè náà sì ń gorí ara rẹ̀. Iná ẹ̀tù ń jẹ ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú ọta kọ̀ọ̀kan, ìlà náà sì ń sún síwájú kúrò lọ́dọ̀ ọta. Ẹni tó ń lé e á máa fa ọta síta títí yóò fi ku díẹ̀ lásán tí ọrùn ìkarahun fi di í mú. Nígbà náà, ó lè gbé ìbọn lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ irin, kí wọ́n gé ìdí ọ̀pá náà kúrò, kí wọ́n tún ilé kátíríìjì gbẹ́ síwájú, bí ọ̀pá bá ṣì gùn tó. Bí kò bá gùn tó, ọ̀pá tuntun ló kù. Àwọn tó ṣì ń ti òjé wọ inú ìlà kí wọ́n tó ki ìkarahun tẹ̀lé e kì í tètè ní irú ìnáwó yẹn. Òjé wọn rọ̀, ẹ̀tù wọn kò pọ̀, iná náà kò sì gbóná tó láti jẹ irin lọ kíá, wọ́n kàn gbà láti máa yin ọta tó lọ́ra ni.